Àmì Kékeré Lára Irin: Bí Aṣàkójọ Ṣe Ń Dá Ẹ̀dà Ọ̀bẹ Àpò Mọ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òwe yìí sábà máa ń jẹyọ nígbà tí ọlọ́gbọ́n bá nílò ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣa ọ̀bẹ àtijọ́ jọ. Ọ̀bẹ kò lè la ẹnu kí ó sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kò lè sọ ilé iṣẹ́ tí ó ti jáde, kò sì lè jẹ́rìí pé èèkù tí ó wà lára rẹ̀ lónìí ni èyí tí wọ́n fi bí i. Ẹlòmíràn ni yóò ka ìtàn náà jáde lára rẹ̀. Bí òǹkàwé náà bá mọ ìwé irin kà, òtítọ́ yóò fojú hàn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kà, owó ńlá lè bá a lọ, ogún bàbá ẹni sì lè di ohun tí wọ́n tà ní ọ̀pọ̀.

Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí ènìyàn lè tì bọ àpò láìlo àkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ ṣíṣa irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ jọ di iṣẹ́ afẹ́. Ká ní ọmọ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania jogún méjì lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Méjèèjì gùn bákan náà, ojú méjìméjì ni wọ́n ní, àwọ̀ èèkù wọn kò sì yàtọ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìbejì ni wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀kan lè ti wà kí 1965 tó dé, kí èkejì sì jẹ́ ti 1979. Ohun tí ó yà wọ́n lè má ju lẹ́tà mẹ́ta àti àmì róbótó kan lọ, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́. Àwọn àmì kéékèèké bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe lè tan ni jẹ, ni àròkọ yìí dá lé.

Ẹ̀yà Ara Ọ̀bẹ àti Iṣẹ́ Tí Ó Bí I

Kí ènìyàn tó lè dá ẹ̀dà mọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyá tí ẹ̀dà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ èyí dáadáa: kò sí bí a ti lè sọ̀rọ̀ ẹ̀dà fóníìmù láìkọ́kọ́ mọ fóníìmù náà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aṣàkójọ ṣe ń pín ọ̀bẹ àpò sí bátànì. Bí àwọn ojú ọ̀bẹ ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe rí, àti ìrísí èèkù ni wọ́n fi ń mọ bátànì kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Lára ọ̀bẹ àpò ìbílẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ohun tí ó ti ojú ọ̀bẹ pa nígbà tí ó bá là. Agbára sípíríǹgì tí ó wà ní ẹ̀yìn èèkù nìkan ni ó dì í mú. Iṣẹ́ ni ó sì bí ìrísí kọ̀ọ̀kan. Bátànì tí wọ́n ń pè ní Trapper ní ojú gígùn méjì fún àwọn ọdẹ tí ń fi pàkúté mú ẹran tí wọ́n sì ń bó awọ rẹ̀. Stockman ní ojú mẹ́ta, ti àwọn tí ń sin ẹran ọ̀sìn ni. Ọ̀kan nínú ojú mẹ́ta yìí ní ṣóńṣó orí fún iṣẹ́ gbogbo. Èkejì ní etí títọ́ gbọnrangandan, ó dára láti fi gé pátákò ẹran. Ẹ̀kẹta kò ní ṣóńṣó rárá, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń tẹ ẹran lọ́dàá, wọn kò sì fẹ́ kí orí ọ̀bẹ gún ẹran náà níbi tí kò yẹ.

Bátànì tí ó lókìkí jù nínú ìtàn ni Barlow. Irin gígùn tí ó bo iwájú èèkù ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, láti inú ìdílé àwọn arọ̀bẹ tí ń jẹ́ Barlow, kí ó tó tàn dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí Mark Twain kọ ìwé The Adventures of Tom Sawyer tí ó jáde ní 1876, ọ̀bẹ Barlow ni ó fi ta Tom lọ́rẹ, ó sì fi ọ̀rọ̀ ayédèrú ọ̀bẹ náà ṣe àwàdà. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú ti wà nídìí ọ̀bẹ àpò láti ọjọ́ pípẹ́.

Òǹtẹ̀ Tí Ó Wà Ní Ìdí Ojú Ọ̀bẹ

Ibi tí aṣàkójọ ń kọ́kọ́ wò ni ìdí ojú ọ̀bẹ, níbi tí irin kò ti mú, lẹ́bàá èèkù. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí. Àpẹẹrẹ tí ó kún fún ẹ̀kọ́ jù lọ ni ti ilé iṣẹ́ W.R. Case & Sons. Ní 1889 ni àwọn ọmọ ìyá kan nínú ìdílé Case bẹ̀rẹ̀ òwò ọ̀bẹ ní Little Valley, ní ìpínlẹ̀ New York. Láti inú ìdílé kan náà ni W.R. Case & Sons ti jáde, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Bradford, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní 1905. Ilé iṣẹ́ Zippo, tí ń ṣe ìṣáná onírin ní ìlú kan náà, ni ó rà á ní 1993.

Òǹtẹ̀ Case tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni X méjì tí ó tẹ̀lé orúkọ náà. Gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ṣàlàyé, X kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí irin la iná kọjá: ti àkọ́kọ́ kí ó lè le, ti ẹ̀ẹ̀kejì kí líle rẹ̀ má baà sọ ọ́ di ohun tí ń kán. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé lórí èyí. Irin tí ó le láìní ìrọ̀rùn díẹ̀ kì í bá ni kalẹ́.

Láti nǹkan bí 1940 títí di 1964, CASE XX nìkan ni wọ́n ń lù. Láti 1965 sí 1969, wọ́n fi U.S.A. kún un. Ní 1970, wọ́n dá ètò tuntun sílẹ̀, wọ́n sì fi àmì róbótó mẹ́wàá sí òǹtẹ̀ náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí àmì ìdánudúró. Bí ọdún kan bá ti kọjá, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò. Nítorí náà, mẹ́sàn-án ni ti 1971, mẹ́jọ ni ti 1972, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì kù ní 1979. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ka àmì róbótó náà, yọ iye rẹ̀ kúrò nínú 1980, ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀bẹ náà ni yóò ṣẹ́kù. Ọ̀bẹ tí ó ní àmì márùn-ún jẹ́ ti 1975.

Ní 1980, àmì mẹ́wàá tún padà dé. Bí ó bá jẹ́ pé àmì nìkan ni ènìyàn ń kà, kò ní mọ ti 1970 yàtọ̀ sí ti 1980. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà yí ìrísí lẹ́tà S padà nínú òǹtẹ̀ tuntun. Dípò kí ó tẹ̀ rọ́bọ́tọ́, ó ní igun bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ lójú ọ̀run. Bí S bá ti rí báyìí, inú 1990 ni wọn yóò ti yọ iye àmì náà. Ní 1990 fúnra rẹ̀, wọ́n pa àmì róbótó tì fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ń lu ọdún gan-an sára irin. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àmì kan kì í dá sọ̀rọ̀. Ó di ìgbà tí lẹ́tà àti àmì bá pa ohùn pọ̀ kí ìtumọ̀ tó pé.

Nọ́ńbà Tí Ó Ní Mọ́fíìmù

Yàtọ̀ sí òǹtẹ̀ ọdún, Case tún máa ń lu nọ́ńbà bátànì. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé nọ́ńbà kan lásán ni 6254. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ṣe ń tú ọ̀rọ̀ bí “aṣàkójọ” palẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí afòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ni aṣàkójọ ṣe ń tú nọ́ńbà yìí. 6 tí ó ṣáájú dúró fún èèkù egungun tí wọ́n fín. 2 sọ pé ojú méjì ni ọ̀bẹ náà ní. 54 ni nọ́ńbà bátànì náà, tí í ṣe Trapper. Bí ó bá jẹ́ 5254, ìrísí kò yí padà, iye ojú kò yí padà, ṣùgbọ́n ìwo àgbọ̀nrín ni èèkù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 3254, ike aláwọ̀ òféèfé ni. Ní ti 6318, egungun ni èèkù, ojú mẹ́ta ni ó ní, bátànì Stockman sì ni. Lẹ́tà tí ó bá tẹ̀lé nọ́ńbà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí i SS tí ń sọ pé irin ojú ọ̀bẹ náà kì í tètè dípẹtà.

Àǹfààní ètò yìí ni pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn lè mú ọ̀bẹ já nírọ́. Bí nọ́ńbà bá sọ pé ìwo ni èèkù, tí ó sì jẹ́ egungun ni ó wà níbẹ̀, ó dájú pé ọwọ́ kan ti kàn án lẹ́yìn tí ó kúrò nílé iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé èèkù àtijọ́ fọ́, tí onílé sì tún un ṣe pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ oníjìbìtì.

Egungun, Ìwo àti Ike

Ìṣòro kan wà nídìí 6 yìí. Kì í ṣe egungun nìkan ni wọ́n lò ó fún. Ní àwọn ìgbà kan, ilé iṣẹ́ náà fi 6 sára ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n fín bí egungun. Nígbà náà, ojú ni yóò ṣe ìdájọ́. Egungun jẹ́ ohun tí ó ti wà láàyè rí, nítorí náà ó ní àwọn ihò tínńtín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nígbà tí ẹran náà ṣì ń jẹko. Lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ihò wọ̀nyí yóò hàn bí àmì dúdú wínníwínní, pàápàá níbi tí wọ́n ti fín in. Ike kò ní wọn. Àwọ̀ egungun kì í dọ́gba délẹ̀, nítorí aró kì í mu ún bákan náà níbi gbogbo. Ti ike sábà máa ń dọ́gba.

Ìwo rọrùn díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun bí èèpo igi, inú rẹ̀ sì funfun. Kò sí ìwo méjì tí ó jọra délẹ̀délẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀bẹ oníwo kò fi ní ìbejì.

Orúkọ Ìlú Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ọdún

Orúkọ orílẹ̀-èdè lára ọ̀bẹ tún máa ń ran aṣàkójọ lọ́wọ́. Òfin owó orí ọjà tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890, tí wọ́n ń pè ní òfin McKinley, pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè tí ọjà òkèèrè ti wá sára rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀bẹ Sheffield tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà tí ó sì ní “England” lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn òfin náà. Bákan náà ni ọ̀bẹ Solingen tí ó bá ní “W. Germany” lára kò lè ṣáájú 1949, nítorí pé kò sí orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì kí ó tó di ọdún náà. Ìtàn ayé wà lára irin tí kò gùn tó ìka.

Àìsí Àmì Kì Í Fìgbà Gbogbo Jẹ́ Ẹ̀rí

Bí rírí àmì ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àìrí i náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìrí gba ìṣọ́ra. Ọ̀bẹ Opinel ti ilẹ̀ Faransé kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Joseph Opinel ni ó ṣe é ní agbègbè Savoie ní 1890. Nígbà tí ó di 1897, ó ti ń ṣe é ní ìwọ̀n méjìlá, láti nọ́ńbà 1 títí dé 12. Igi ni èèkù rẹ̀, àmì ọwọ́ tí adé wà lórí rẹ̀ ni òǹtẹ̀ rẹ̀. Ní 1955, ilé iṣẹ́ náà fi òrùka irin tí ń yí sí ọrùn ọ̀bẹ, kí ojú rẹ̀ má baà padé mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ lójijì.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sáré dá òfin sílẹ̀ pé Opinel tí kò ní òrùka ti wà ṣáájú 1955. Òfin náà dára fún ọ̀bẹ ńlá, ṣùgbọ́n yóò ṣi ni lọ́nà lórí àwọn kékeré. Láti nọ́ńbà 2 sí 5, wọn kì í fi òrùka sí i, ìbáà jẹ́ pé àná ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ìwọ̀n lè san owó àtijọ́ fún ọ̀bẹ tuntun. Òfin ìdámọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ òfin láìmọ ààlà rẹ̀, ìdajì ìmọ̀ ni ó ní.

Ayédèrú àti Ìmọ́tótó Tí Ń Ba Nǹkan Jẹ́

Àwọn oníjìbìtì ní ọ̀nà púpọ̀. Wọ́n lè yọ ojú ọ̀bẹ àtijọ́ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ níyì, kí wọ́n sì fi í sínú èèkù tuntun. Ìdí nìyí tí aṣàkójọ fi ń wo òǹtẹ̀ gbogbo ojú tí ọ̀bẹ ní, tí ó sì ń wo orí ìṣó bóyá ẹnìkan ti lù ú láìpẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo òǹtẹ̀ tí kò bára mu ni jìbìtì. Nígbà tí Case ń kúrò lórí CASE XX bọ́ sórí CASE XX U.S.A., wọ́n lo àwọn ojú ọ̀bẹ tí ó ṣẹ́kù nílẹ̀ tán. Nítorí náà, ojúlówó ọ̀bẹ wà tí ojú rẹ̀ kan ní òǹtẹ̀ àtijọ́, tí èkejì ní tuntun. Ìdájọ́ kánkán lè sọ ojúlówó di ayédèrú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníjìbìtì nìkan ni ọ̀tá ẹ̀rí. Ọmọ tí ó jogún ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ náà lè bà á jẹ́ pẹ̀lú ọkàn rere. Ó rí ìpẹtà díẹ̀, ó mú sáǹpépà, ó ha irin náà títí ó fi ń dán. Àmì róbótó kò jìn lára irin. Bí ọ̀kan bá parẹ́ nínú márùn-ún, ọ̀bẹ 1975 ti di ti 1976. Bí gbogbo àmì mẹ́wàá ti 1970 bá parẹ́, tí U.S.A. sì ṣẹ́kù, ọ̀bẹ náà yóò máa díbọ́n bí ẹni tí ó wà láàárín 1965 sí 1969, yóò sì purọ́ láìmọ̀ fún ẹni tí ó bá rà á. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Òróró díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ tó fún irin àtijọ́. Dúdú tí ọjọ́ orí fi sára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, apá kan ẹ̀rí rẹ̀ ni.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ẹni tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí pátákó ìkọ̀wé rẹ̀. Irin ni ọkọ́, irin ni ọ̀kọ̀, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni wọ́n fi ń roko, èkejì ni wọ́n fi ń jagun, ohùn nìkan ni ó sì yà wọ́n lórí ìwé. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá kúrò, ọkọ tí í ṣe olórí ilé yóò di oko tí wọ́n ń gbin iṣu sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní òun yóò fi àmì sí i tí òun bá ráyè kò yàtọ̀ sí ọmọ tí ó mú sáǹpépà. Iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti kúrò lára rẹ̀.

Ìwé Yorùbá àtijọ́ náà ní òǹtẹ̀ ọdún tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé kan tí ó rí “aiye”, “enia” àti “ọkọnrin” mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti wà ṣáájú àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀ Case méjì ṣe pàdé lára ọ̀bẹ kan náà ni “aiye” àti “ayé” ṣe lè pàdé nínú ìwé kan náà, nítorí pé ọwọ́ kì í tètè gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀rí kò ní láti wá ọ̀bẹ Amẹ́ríkà kiri. Ìwé àtijọ́ méjì láti inú àpótí ìyá àgbà tó láti fi bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n ka ohun tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ tí kò sí, kí wọ́n sì wá ẹlẹ́rìí kejì kí wọ́n tó dá ọdún lé e.

Ìkádìí

Àròkọ yìí ti fi hàn pé dídá ẹ̀dà ọ̀bẹ àpò mọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìwé kíkà. Òǹtẹ̀, àmì róbótó, nọ́ńbà, èèkù àti orúkọ ìlú ni àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹyọ kan nínú wọn lè ṣìnà, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Nígbà tí ẹnu wọn bá kò ni ìdájọ́ tó lè dúró. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọ kò bá tíì ba èèkù idà, kì í béèrè ikú tí ó pa bàbá rẹ̀. Ọmọ tí ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ ti tẹ̀ lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí béèrè báyìí. Ìdáhùn wà ní ìdí ojú ọ̀bẹ náà, bí kò bá tíì ha á dànù.